Stent ti wà lọ́kàn, ìhanrun ò dáwọ́ dúró: bí a ṣe ń tọ́jú ọkàn àti oorun pọ̀

Wọ́n ti fi stent, ìyẹn irin kékeré tó ń jẹ́ kí iṣan tó dí wà ní ṣíṣí, sí iṣan ọkàn yín, ẹ ti délé, àyà ò dùn yín mọ́, ará àti ojúlùmọ̀ ti wá kí yín kú ewu. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìhanrun yín ni àwọn tó wà ní pálọ̀ ń gbọ́. Á lọ sókè, á wá sílẹ̀, á dákẹ́ lójijì. Èémí ò wọlé, èémí ò jáde. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi agbára mí kanlẹ̀, ẹ ó yí ẹ̀gbẹ́ padà, ìhanrun á tún bẹ̀rẹ̀. Sleep apnea ni àwọn dókítà ń pè é. Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ imú àti ọ̀fun lásán ni, wọn kì í sì sọ ọ́ fún dókítà ọkàn. Dókítà ọkàn náà kì í sábà béèrè.

Ó yẹ kó béèrè. Ìwádìí kan tí wọ́n darí láti Singapore, tó jáde ní 2016, ṣe àyẹ̀wò oorun fún ènìyàn 1,311 ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, láàárín ọjọ́ méje tí wọ́n fi stent sí wọn lára. Ìdá 45.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní apnea. Nígbà tí wọ́n ṣírò ọdún mẹ́ta, ikú láti ọ̀dọ̀ ọkàn, heart attack, rọpárọsẹ̀, tàbí kí wọ́n tún sáré padà lọ ṣí iṣan, bá ìdá 18.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní apnea. Lára àwọn tí kò ní in, ìdá 14.0 ni.

Kí ẹ tó ka ìyókù: tí àyà bá ń dùn yín lọ́wọ́lọ́wọ́, tó ń tẹ̀ yín mọ́lẹ̀, tó ń ràn lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò yín, tí kò sì lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ pa èyí tì. Ẹ má pè é ní gáàsì, ẹ má sì wa ọkọ̀ fúnra yín. Ní Èkó, 112 tàbí 767 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Ní ìlú Ọba, 999. Ní Amẹ́ríkà, 911. Stent lè dí, ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni iṣan ọkàn fi ń kú nígbà náà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóru

Bí a bá ti sùn, ẹran ọ̀fun á dẹ̀. Ti ẹlòmíràn á dẹ̀ jù, ahọ́n á sún sẹ́yìn, ọ̀nà afẹ́fẹ́ á lẹ̀ pọ̀ bí ẹnu nylon pure water ṣe máa ń lẹ̀ pọ̀ nígbà tí omi inú rẹ̀ ti ń tán tí a ṣì ń fà á. Àyà ń fà, afẹ́fẹ́ ò wọlé. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á ta gìrì, á jí onítọ̀hún díẹ̀ (kò ní rántí bí ilẹ̀ bá mọ́), ara á tú adrenaline sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè, ọkàn á sáré. Lára ẹni tí tirẹ̀ bá le, èyí lè ṣẹlẹ̀ ju ìgbà 30 lọ láàárín wákàtí kan ṣoṣo, láti alẹ́ di àárọ̀.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn mẹ́ta ò ká, ọkàn tó ń lù ségesège, àti ẹ̀jẹ̀ tó ń tètè dì lára àwọn tó ní apnea. Kò sí èyí tó dára fún stent nínú wọn. Àwọn oníwàádìí ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà yẹ ikú òjijì láti ọwọ́ ọkàn wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005: lára àwọn tó ní apnea, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú láàárín agogo méjìlá òru sí agogo mẹ́fà àárọ̀. Ìdá 21 ni lára àwọn tí kò ní in. Àkókò tó yẹ kí ọkàn sinmi ni tiwọn ń wà nínú ewu.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ bi ẹni tó ń gbọ́ yín

Kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí oorun ara rẹ̀. Ìyàwó, ọkọ, ọmọ tó ń sùn ní yàrá kejì, ọmọ ọ̀dọ̀ pàápàá, àwọn ni ẹlẹ́rìí. Bí bàbá bá sì ta kú pé òun ò kí ń hanrun, ọmọ tó mọ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ ò ní jiyàn. Á ní, “Ẹ má bínú sà, ẹ jẹ́ kí n kàn fi fóònù ká a lálẹ́ òní, ká jọ gbọ́ ọ pọ̀.” Iyàn á parí síbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ká a nìyí. Ẹ gbé fóònù sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó kọjú sí àyà àti ikùn, kí iná kékeré wà. Ẹ ká a lẹ́yìn agogo mẹ́rin òru, torí oorun àlá pọ̀ ní ìdájí, ìgbà náà sì ni ọ̀fun máa ń dẹ̀ jù. Ẹ wo àyà àti ikùn. Bí ọ̀nà bá ti dí, ẹ ó rí i pé àyà ń wọlé bí ikùn ṣe ń jáde, wọn ò bá ara wọn rìn mọ́, kò sì sí ìró kankan lẹ́nu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìgbà tí ìró dákẹ́ títí di ìgbà tó mí kanlẹ̀. Tó bá ti tó ìṣẹ́jú àáyá 10, a ti lè pè é ní apnea. Lára ẹlòmíràn, ó máa ń kọjá 30. Ìṣẹ́jú márùn-ún irú fídíò bẹ́ẹ̀ wúlò fún dókítà ju àlàyé gígùn lọ.

Tí ẹ bá ń dá sùn, àwọn àmì mìíràn wà: kí ẹnu gbẹ táútáú láàárọ̀, orí fífọ́ tó ń lọ fúnra rẹ̀ bí oòrùn bá ti yọ, kí ẹ máa dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀méjì tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ lóru. Ti ìtọ̀ yìí máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ́nà. Wọ́n á ní prostate ni, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí èémí bá ń dá, ọkàn máa ń tú èròjà kan jáde tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó máa da omi síta.

Àwọn tó ń ta jí lóru pẹ̀lú ọ̀fun tó fún pinpin wà pẹ̀lú, tí wọ́n á ní wọ́n ń bá àwọn jà lójú oorun, pé ogun òru ni. Mi ò ní ká má gbàdúrà. Ẹ gbà á, kí ẹ sì lọ ṣe àyẹ̀wò èémí lẹ́yìn àdúrà náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fún ara yín ní máàkì

Ìbéèrè mẹ́jọ kan wà tí wọ́n ń pè ní STOP-BANG. Toronto ní Kánádà ni wọ́n ti gbé e jáde ní 2008. Máàkì kan ni “bẹ́ẹ̀ ni” kọ̀ọ̀kan:

– Ṣé ẹ̀ ń hanrun tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó tì lè gbọ́?
– Ṣé ó máa ń rẹ̀ yín tàbí kí ẹ máa tòògbé lọ́sàn-án?
– Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí i pé èémí yín dá lójú oorun?
– Ṣé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí ẹ̀ ń lo oògùn rẹ̀?
– Ṣé BMI yín (ìwọ̀n sísanra tí a fi kílò àti gíga ara ṣírò) ju 35 lọ?
– Ṣé ẹ ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún?
– Ṣé ọrùn yín ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ?
– Ṣé ọkùnrin ni yín?

Téèpù aránṣọ ni kí ẹ fi wọn ọrùn, ní ibi gògóńgò. 40 yẹn kò pé ínǹṣì 16. Máàkì 0 sí 2, ewu kéré. 3 tàbí 4, ó wà láàárín. 5 sókè, ewu ga. Ẹ wò ó: ọkùnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tó gba stent, tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ní máàkì mẹ́ta kí ó tó ya ẹnu sọ ọ̀rọ̀ ìhanrun rárá.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ fi kún un. Àkọ́kọ́, àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró ń ní apnea dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í hanrun bí ọkùnrin. Àìróorunsùn àti ara rírẹ̀ ni wọ́n máa ń rò fún dókítà, wọ́n á sì fún wọn ní oògùn ìrònú. Ìkejì, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àìsàn ọkàn pẹ̀lú apnea kì í tòògbé lọ́sàn-án rárá. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé “ojú mi dá ṣáká, kò lè jẹ́ èmi.”

Ìgbésẹ̀ kẹta: àyẹ̀wò

Ẹ mú máàkì àti fídíò lọ bá dókítà ọkàn yín. Tí kò bá mọ̀ nípa oorun púpọ̀, ẹ ní kó kọ ìwé sí ẹ̀ka ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ńlá. Oríṣi àyẹ̀wò méjì ló wà. Èkíní, ẹ ó sùn sí ilé ìwòsàn, wọ́n á so wáyà mọ́ orí, àyà àti ẹsẹ̀ yín. Ìkejì, wọ́n á kó ẹ̀rọ kékeré lé yín lọ́wọ́ lọ sílé: bẹ́líìtì kan sí àyà, rọ́bà tínrín kan sí imú, ohun kan tó ń gbá ìka mú. Èyí tó wọ́n kéré nínú méjèèjì ni ti ilé, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n tí ọkàn yín bá ti rẹ̀ (heart failure), tí ẹsẹ̀ ń wú, ti ilé ìwòsàn ló dára jù, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí ìka, tí gbogbo ayé rà nígbà kòrónà ńkọ́? Ẹ má fi í dá ara yín láre. Ó kàn ń sọ ti ìṣẹ́jú tí ẹ wò ó ni, nígbà tí ẹ ti jí. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó kàn wá gan-an: ìwádìí kan tó jáde láti Michigan ní 2020 fi hàn pé ẹ̀rọ yìí máa ń pe ọ́síjìn aláwọ̀ dúdú ní iye tó ga ju bó ṣe rí lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun ni iye ìgbà tó kùnà láti rí i pé ọ́síjìn àwọn aláwọ̀ dúdú ti lọ sílẹ̀. Làálì àti ọ̀dà èékánná tún ń da orí rẹ̀ rú. Aago ọwọ́ tó ń ka oorun náà kò tó ẹ̀rí. Ó lè mú kí ẹ fura, kò lè dájọ́.

Bí èsì bá dé, nọ́ńbà tí ẹ ó kọ́kọ́ wá ni AHI, ìyẹn iye ìgbà tí èémí ń dá tàbí ń kéré jù láàárín wákàtí kan. Láti 5 sí 14 fúyẹ́. 15 sí 29 wà láàárín. 30 sókè le. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ibi tí ọ́síjìn lọ sílẹ̀ dé, àti bó ṣe pẹ́ tó nísàlẹ̀ 90. Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè oríṣi rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ ni ti ọ̀nà ọ̀fun tó dí. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ọpọlọ ni kò ránṣẹ́ sí àyà pé kó mí, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀. Ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: oògùn stent kò gbọ́dọ̀ yẹ̀

Mo ti ń rí àwọn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ oorun gbà lọ́kàn tó fi jẹ́ pé clopidogrel tán, wọn ò rà á. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá nìyẹn. Aspirin àti ìkejì rẹ̀, yálà clopidogrel tàbí ticagrelor, ni kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ irin tí wọ́n fi sínú iṣan yín. Nígbà púpọ̀, oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń lo méjèèjì pọ̀ tó bá jẹ́ pé àyà dídùn tí kò burú sí i (stable angina) ló gbé yín lọ. Ọdún kan tó bá jẹ́ heart attack. Dókítà yín lè dín in kù tàbí kó fi kún un. Onísègùn eyín, oníkẹ́míìsì, wòlíì àti ọ̀rẹ́ kò láṣẹ láti dá a dúró. Ẹ máa rà á kó tó tán, níbi tí ẹ ti lè rí nọ́ńbà NAFDAC lára páálí rẹ̀.

Ibi mẹ́ta wà tí oògùn yìí ti ń pàdé oorun. Ticagrelor lè mú kí èèyàn máa mí gúlegúle, ó sì ti ṣẹlẹ̀, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀, pé ó fa apnea irú ti ọpọlọ. Àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Bí mímí yín bá yí padà láti ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ẹ sọ. Dókítà lè fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀, òun ni kó pààrọ̀ rẹ̀ o. Èkejì, oje ikùn tó ń gòkè wá sí ọ̀fun wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní apnea, omeprazole sì ni gbogbo ènìyàn ń sá lọ rà. Ó ń dín agbára clopidogrel kù. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní pantoprazole. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀jẹ̀ imú, mo máa dé bẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: CPAP, àti ohun tí kò lè ṣe

CPAP ni ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú ìbòmú wọ ọ̀fun, kí ọ̀nà má lè lẹ̀ pọ̀. Colin Sullivan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1981. Fún apnea tó wà láàárín tàbí tó le, òun ni ìtọ́jú àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa rẹ̀, torí àwọn tó ń tà á kì í sọ ọ́. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní SAVE, tó jáde ní 2016, kó ènìyàn 2,717 jọ tó ti ní àìsàn ọkàn tàbí ti iṣan ọpọlọ pẹ̀lú apnea. Wọ́n fún apá kan ní CPAP. Heart attack, rọpárọsẹ̀ àti ikú kò dín kù lọ́dọ̀ wọn. Ohun tó sunwọ̀n ni ìhanrun, ìtòògbé ọ̀sán, inú dídùn àti bí wọ́n ṣe ń gbádùn ayé wọn. Ṣùgbọ́n wákàtí 3.3 lóru ni wọ́n ń lò ó, tí a bá pín in dọ́gba. Ìwádìí kékeré kan láti Sweden ní ọdún kan náà, lórí àwọn tí wọ́n ti ṣí iṣan ọkàn wọn, rí i pé àwọn tó lò ó fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán lóru ni àǹfààní fara hàn lára wọn. Ẹni tó ń lo nǹkan déédéé sábà máa ń lo oògùn déédéé pẹ̀lú, nítorí náà mi ò ní bá ẹnikẹ́ni búra pé ẹ̀rọ náà ló ṣe é.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ gbà á fún oorun, fún ojú tó dá lórí ọ̀nà márosẹ̀, àti fún ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń wá sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ má gbà á ní ìpààrọ̀ oògùn. Bí ẹ bá sì máa lò ó, ẹ lò ó mọ́jú. Ẹni tó yọ ọ́ ní agogo méjì òru ti yọ ọ́ kó tó kan ìdájí, níbi tí apnea ti le jù.

Bí ẹ ṣe máa mọ́ ọn lára. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ wọ ìbòmú lọ́sàn-án, kí ẹ máa gbọ́ rédíò tàbí wo bọ́ọ̀lù pẹ̀lú rẹ̀, láìsùn. Ẹ fi ẹ̀rọ sí ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí á wá máa le díẹ̀díẹ̀. Ìbòmú tó ń jò lójú yóò jẹ́ kí ojú pọ́n. Tó bá há jù, yóò fi ọgbẹ́ sí gógó imú. Ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ tó so okùn rẹ̀, torí ojú máa ń yí nígbà tí a bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹni tó ní irùngbọ̀n kíkún, bí àwọn alfa wa, ìbòmú ńlá yóò máa jò fún un. Èyí kékeré tó ń wọ ihò imú ló bá a mu. Ẹni tó dirun ńkọ́? Kó kọ́kọ́ dé nẹ́ẹ̀tì tàbí bọ́nẹ́ẹ̀tì sátínì, kó wá gbé okùn ìbòmú lé e; kò ní yọ̀ bọ́, irun kò sì ní já.

Ẹ̀jẹ̀ imú wá dé. Afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ máa ń gbẹ imú, nígbà ọyẹ́ pàápàá, aspirin àti clopidogrel kò sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Bí imú bá ṣẹ̀jẹ̀, ẹ jókòó, ẹ tẹrí síwájú, ẹ fún ibi rírọ̀ imú pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láì tú u wò. Kò dá? Ó yá, ilé ìwòsàn. Tó bá dá, ẹ máa fi omi iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún imú rin ín kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì lo ike omi inú ẹ̀rọ. Omi distilled láti ilé oògùn ni kí ẹ dà sí i. Ẹ má dá a láṣà láti lọ ra omi bátìrì lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Òmíràn nínú rẹ̀ ní ásíìdì. Ẹ má sì dá oògùn stent dúró nítorí ẹ̀jẹ̀ imú láì pe dókítà.

Ọṣẹ tó rọ̀ àti omi ni kí ẹ fi máa fọ ìbòmú láràárọ̀. Asẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà ọyẹ́. Eruku á ti sọ ọ́ di pupa.

Tòkunbọ̀ àti ẹ̀rọ tí ọmọ fi ránṣẹ́

Ọ̀pọ̀ CPAP tó wà nílé wa ló wá láti òkè òkun, ọmọ ló fi ránṣẹ́ tàbí kí a rà á ní tòkunbọ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ yẹ nǹkan méjì wò. Ní oṣù kẹfà 2021, Philips kó àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ padà, àwọn DreamStation àkọ́kọ́ wà lára wọn, torí fóòmù inú wọn lè máa jẹrà, kí ẹni tó ń lò ó sì máa fà á símú. Ooru àti ọ̀rinrin wà lára ohun tó ń yá a lára láti jẹrà, àwa sì ní méjèèjì. Ẹ fi nọ́ńbà ìdí ẹ̀rọ náà wò ó lórí ìkànnì Philips kí ẹ tó sanwó.

Ìkejì tún burú ju èyí lọ. Ẹ̀rọ kan wà tó fara jọ CPAP, ASV ni orúkọ rẹ̀. Ní 2015, ìwádìí tí wọ́n ń pè ní SERVE-HF rí i pé ikú láti ọwọ́ ọkàn pọ̀ sí i lára àwọn tó lò ó tí ọkàn wọn ti rẹ̀, tí EF wọn (ìdá ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù) kò ju 45 lọ, tó sì jẹ́ pé apnea ti ọpọlọ ni wọ́n ní. EF yín wà nínú èsì ẹ̀ẹ́kò tí wọ́n ṣe fún ọkàn yín. Bí ASV bá wà lára orúkọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ má so ó mọ́ iná rárá kí dókítà ọkàn tó rí i.

Ọ̀rọ̀ iná ọba

Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ wọ ìbòmú, ẹ yọ ọ́, ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò séwu òjijì níbẹ̀. Ohun tó léwu ni kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ tàbí sábẹ́ fèrèsé nítorí ẹ̀rọ. Carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn tí iṣan rẹ̀ ti dí rí ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Bátìrì ló dára. Tí ẹ bá pa ike omi gbígbóná ẹ̀rọ, iná tó ń jẹ yóò dín kù gan-an. Ká ní ó ń jẹ wáàtì 30: wákàtí mẹ́jọ jẹ́ 240 wáàtì-wákàtí (Wh). Bátìrì 12V tó jẹ́ 100Ah gbé 1,200, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ lo ju ìdajì lọ tó bá jẹ́ olómi tàbí jẹ́ẹ̀lì. 600 ló kù fún yín, ó sì lé ní òru méjì. Wáyà DC tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ṣe, tó ń so ó mọ́ bátìrì tààrà, kì í fi iná ṣòfò bí ínfátà. Iye wáàtì tí wọ́n kọ sára ṣájà ni èyí tó lè jẹ jù lọ. Ẹ má fi í dáyà já ara yín.

Ohun tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ

Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé orí ẹ̀yìn ni tiwọn ti ń le. Bọ́ọ̀lù kékeré tí a rán mọ́ ẹ̀yìn síńgílẹ́ẹ̀tì kì í jẹ́ kí èèyàn padà fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ yàgò fún ògógóró, paraga àti ọtí mìíràn nírọ̀lẹ́. Lexotan, Valium, tramadol àti omi ikọ́ tó ní codeine ń dẹ ọ̀fun tàbí ń dín mímí kù, kò sì yẹ kí ẹni tó ní apnea fọwọ́ kàn wọ́n láìjẹ́ pé dókítà tó mọ̀ pé ó ní in ló kọ ọ́.

Sísanra ni ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìwádìí ọlọ́dún púpọ̀ kan ní Wisconsin rí i pé bí ara bá fúyẹ́ ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, AHI á dín ní bíi ìdá 26. Fún ẹni tó wọn kílò 100, kílò 10 nìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́: kó kéré, kó tètè wọlé, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju òkèlè lọ, kí iyọ̀ àti Maggi dín. Ní oṣù Kejìlá 2024, wọ́n fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ tirzepatide ní Amẹ́ríkà fún àwọn tó sanra jù tí apnea wọn wà láàárín tàbí tó le. Èyí tí wọ́n ń tà fún yín lórí WhatsApp láìsí yìnyín, láìsí páálí, kì í ṣe òun.

Ojú tó ń tòògbé kò gbọ́dọ̀ wakọ̀. Tí ẹ bá ti ń sùn lọ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ fún ẹlòmíràn ní kọ́kọ́rọ́ títí ìtọ́jú yóò fi mú un. Ẹni tó wà ní ìlú Ọba, tí apnea rẹ̀ wà láàárín tàbí tó le tó sì ń tòògbé jù, òfin ní kó sọ fún DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò tàbí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ wọ bàálù, inú báàgì tí ẹ ó gbé dání ni CPAP máa wà, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n á jù sísàlẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà dókítà, oògùn tó tó ìrìn àjò náà àti díẹ̀ lé, pẹ̀lú káàdì stent yín sí i. Ẹ ya fọ́tò káàdì náà sórí fóònù: ọjọ́ tí wọ́n fi í, iṣan tí ó wà, irú rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ tí kò yá, yálà ìpá, ojú tàbí eyín, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà ọkàn bóyá ó lè dúró títí oògùn méjèèjì yóò fi parí iṣẹ́ wọn. Bó bá di dandan, ẹ sọ fún dókítà tó ń kun èèyàn lóorun, láì dúró de ìbéèrè, pé ẹ ní stent, pé ẹ ní apnea, àti ohun tí AHI yín jẹ́. Oògùn oorun àti oògùn ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló ń dẹ ọ̀fun jù lọ. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín àti ìbòmú lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì kọ orúkọ yín sí i lára.